Ọmọ ń sín láràárọ̀, ojú ń yún un: ṣé ológbò ni àbí eruku ilé?

OnileObaIle (Akúrẹ́) béèrè:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ológbò ni mo gbé wá. Ọmọkùnrin ọdún 8 ni ọmọ mi, kílò 24 ni ìwọ̀n rẹ̀. Oṣù 5 rèé tí ológbò ti wọlé, kò sì tó oṣù kan lẹ́yìn náà tí sísín fi bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti jí láàárọ̀, á sín tó ìgbà 8 tàbí 10 léraléra, imú á máa ṣomi, omi náà mọ́ gaara, ojú á pọ́n, á sì máa yún un. Bó bá di alẹ́, imú á dí, ẹnu ni á fi máa mí. Kò sí ibà rárá. Ilé oníyàrá méjì ni, kápẹ́ẹ̀tì wà ní pálọ̀ àti ní yàrá ọmọ, fèrèsé onílúfà ni. Akọ ni ológbò náà, a ò tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, ìdí ẹsẹ̀ ọmọ ló sì máa ń sùn sí lórí bẹ́ẹ̀dì.

Piriton là ń fún un, ṣùgbọ́n tíṣà ní ó ń sùn ní kíláàsì. A gbé ológbò lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò fún ọ̀sẹ̀ kan, sísín ò dín, ni bàbá rẹ̀ bá ní kì í ṣe ológbò. Ìyá àgbà ní ká fá irun ológbò náà. Ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ní òun ní abẹ́rẹ́ àlẹ́jì kan, téèyàn bá gbà á lẹ́ẹ̀kan, ó di oṣù 3. Eku pọ̀ ládùúgbò wa, a ò sì fẹ́ kí ológbò lọ bí ọ̀nà míì bá wà. Kí la máa ṣe?

NoosiEtiImu fèsì:

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ kan yẹn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń ṣìnà. Ọ̀sẹ̀ kan ò fi nǹkan kan hàn. Bó bá jẹ́ ológbò ni, ohun tí ara ọmọ ń bá jà kì í ṣe irun rẹ̀. Púrótéènì kan ni, Fel d 1 lorúkọ rẹ̀, inú itọ́ ológbò àti ọ̀rá awọ ara rẹ̀ ló ti ń wá. Ológbò á fi ahọ́n lá ara rẹ̀, itọ́ á gbẹ sórí irun àti èépá awọ, á wá di eruku tó kéré débi pé ó lè wà nínú afẹ́fẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí láì balẹ̀. Ó ń lẹ̀ mọ́ ògiri, kọ́tìnì, fóòmù, títí dé aṣọ ilé-ìwé. Bí ológbò bá jáde lónìí tí ẹ ò sì fọ ohunkóhun, ó máa ń tó oṣù 4 sí 6 kí ìwọ̀n rẹ̀ nínú ilé tó wá sílẹ̀ dé ti ilé tí kò ní ológbò. Ológbò lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò yín, ohun tó fi sílẹ̀ ò bá a lọ.

Ohun kan náà ló fà á tí fífá irun ò fi wúlò. Ẹ dákun, ẹ bá wa bẹ ìyá àgbà: ẹ fá irun tán, itọ́ ṣì ń bẹ lẹ́nu. Bákan náà ni ológbò "tí kì í fa àlẹ́jì" tí wọ́n ń polówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwọ̀n púrótéènì yìí yàtọ̀ láti ara ológbò kan sí èkejì, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀yà tẹ́ ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní in.

Mi ò tíì sọ pé ológbò ni o. Àárọ̀ ni sísín ń le jù, orí bẹ́ẹ̀dì ni imú ti ń dí. Àmì yìí bá ológbò mu, ó sì bá kòkòrò inú fóòmù mu, àwọn tín-ín-tìn-ìn-tín tójú ò lè rí tó ń jẹ èépá ara èèyàn. Òjò àti ọ̀rinrin Akúrẹ́ tẹ́ wọn lọ́rùn gan-an. Ìgbẹ́ aáyán náà ń fa irú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni èbu ara ògiri tó ń tutù. Ní ti èéfín kọ́ìlì ẹ̀fọn, èéfín jẹ́nẹ́rétọ̀ àti eruku ọyẹ́, àwọn yẹn kì í ṣe àlẹ́jì fúnra wọn, wọ́n kàn ń ha imú tó ti wú tẹ́lẹ̀ ni.

Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 14: aago tó sín, ibi tó wà, bóyá ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ológbò, bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbálẹ̀, bóyá òjò rọ̀. Bó bá gbé ológbò tí ojú sì bẹ̀rẹ̀ sí í yún un láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí ìdajì wákàtí, tàbí tí ibi tí ológbò lá lára rẹ̀ wú bí ìgbà tí ẹ̀fọn bá jẹ èèyàn, ìfura ológbò ti wúwo nìyẹn. Bó bá lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì ní ilé tí ò sí ológbò, tó sùn sórí fóòmù àtijọ́, tó sì ń sín bákan náà, ẹ yí ojú sí fóòmù.

Àyẹ̀wò tó dájú jù ni ti awọ ara. Wọ́n á kán oògùn àyẹ̀wò sí apá, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún un díẹ̀, wọ́n á dúró ìṣẹ́jú 15 sí 20, wọ́n á wá wọn bó ṣe wú. Èyí tó bá fi mìlímítà 3 ju ti omi lásán tí wọ́n kán pẹ̀lú rẹ̀ láti fi wé e lọ ni wọ́n ń kà sí. Kó má lo oògùn àlẹ́jì bíi Piriton, cetirizine tàbí loratadine láàárín ọjọ́ 7 tó ṣáájú rẹ̀, torí awọ ò ní wú, èsì á sì parọ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà wà, oògùn kì í da ìyẹn rú. Ẹ béèrè ní ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn UNIMED (ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn Ìpínlẹ̀ Òǹdó), tó ní ọgbà ní Akúrẹ́ àti ní Òǹdó. Bí wọn ò bá ṣe é níbẹ̀, wọ́n á tọ́ka yín sí ibòmíì. Kí ẹ sì mú ìwé ọjọ́ 14 yẹn dání. Awọ lè wú sí ológbò kí ó sì jẹ́ pé aáyán ló ń yọ ọmọ lẹ́nu. Dókítà gbọ́dọ̀ fi èsì wé ohun tẹ́ ẹ kọ.

AlapotiOogun fèsì:

Ẹ má gba abẹ́rẹ́ oṣù 3 yẹn. Sìtẹ́rọ́ọ̀dù, oògùn líle tó ń mú kí ibi tó wú fà, irú èyí tó máa ń pẹ́ lára, ló sábà máa ń wà nínú irú wọn. Imú á gbẹ lóòótọ́, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń yìn ín. Ṣùgbọ́n gbogbo ara ló ń bá yí, kì í ṣe imú nìkan. Ó lè gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, ó lè fa ìdàgbà ọmọ sẹ́yìn, ó lè mú kí ara dẹ́kun ṣíṣe irú rẹ̀ tó máa ń ṣe fúnra rẹ̀, ibi tí wọ́n gún sì lè jìn kòtò. Tẹ́ ẹ bá ti gún un, ẹ ò lè fà á jáde mọ́.

Piriton ń wọ ọpọlọ, òun ló ń mú un tòògbé. Ẹ fi sílẹ̀. Omi oògùn cetirizine ni kẹ́ ẹ béèrè, èyí tí mílígíráàmù 5 wà nínú mílílítà 5 rẹ̀. Fún ọmọ ọdún 8, mílílítà 5 lẹ́ẹ̀kan lálẹ́ ló dára láti fi bẹ̀rẹ̀. Dókítà lè gbé e dé 10 lójúmọ́. Síríńjì tàbí ìdérí ìgò tó ní ìlà ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n, ṣíbí ìdáná ò dọ́gba. Àwọn ọmọ kan ṣì ń tòògbé díẹ̀ lórí cetirizine. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, loratadine ni kẹ́ ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí, mílígíráàmù 5 lójúmọ́ fún ọmọ tí kò tó kílò 30. Ọ̀kan ṣoṣo ni o, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Bí kíndìnrín ọmọ bá ní ìṣòro, ẹ rí dókítà ná.

Oògùn mímu máa ń dá sísín àti yíyún dúró, ṣùgbọ́n kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ lórí imú dídí. Oògùn fífín símú ló ni ìyẹn. Fluticasone, máíkírógíráàmù 50 ní fífín kan: láti ọdún 4 sí 11, fífín 1 ní ihò imú kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Àgbàlagbà á fín 2 ní ihò kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe ń fín in gan-an ló ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ẹ gbo ìgò, ẹ fín in sáfẹ́fẹ́ títí á fi jáde bí ìrì. Kí ọmọ fọn imú, kó tẹ orí síwájú díẹ̀, kó má gbójú sókè. Ọwọ́ ọ̀tún ni kó fi fín ihò òsì, ọwọ́ òsì ni kó fi fín ihò ọ̀tún, kí ẹnu ìgò kọjú sí apá etí. Bó bá kọjú sí egungun àárín imú, ẹ̀jẹ̀ ló máa mú wá. Kó rọra fà á, kó má fà á kíkankíkan. Bó bá ti ń tọ́ ọ wò lọ́fun, ó ti fà á jù nìyẹn.

Ọjọ́ kẹta lọ̀pọ̀ èèyàn ń jù ú nù pé kò ṣiṣẹ́. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ 2 kó tó fi gbogbo agbára rẹ̀ hàn, ojoojúmọ́ sì ni, kì í ṣe ọjọ́ tí imú bá dí nìkan. Bí yóò bá lò ó fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí wọ́n máa wọn gíga rẹ̀ ní ilé ìwòsàn.

Àwọn oògùn kíkán tó ń la imú lójú ẹsẹ̀, bíi xylometazoline, ẹ má jẹ́ kó kọjá ọjọ́ 5. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, imú á di ọ̀lẹ: kò ní là mọ́ àfi tẹ́ ẹ bá kán an, yóò sì máa dí ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Fífọ imú kò wọ́nwó, ó sì ń ṣiṣẹ́. Píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ mílílítà 500. Ẹ se é títí á fi hó, kó sì hó fún ìṣẹ́jú 5, ẹ dé e títí á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ bu ṣíbí tíì kan iyọ̀ sí i, ẹ gé orí rẹ̀, pẹ̀lú ìdajì ṣíbí baking soda. Kì í ṣe baking powder, kì í sì í ṣe kánún. Ẹ fi síríńjì mílílítà 20 tí kò ní abẹ́rẹ́ fà á, kí ọmọ tẹ orí sórí báásì, kó la ẹnu, ẹ rọra tì í sí ihò kan títí á fi gba ihò kejì jáde. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 sí 15 ni kẹ́ ẹ tó fín fluticasone. Èyí tó bá ṣẹ́kù lálẹ́, ẹ dà á nù. Ẹ má ṣe fi omi kànga, omi ẹ̀rọ tàbí píọ̀ wọ́tà tí ẹ ò sè ṣe é. Kòkòrò kan wà nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó lè gba imú dé ọpọlọ. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú kì í sábà yè é.

Fún ojú: ketotifen 0.025%, ẹ̀kán kan ní ojú kọ̀ọ̀kan láàárọ̀ àti lálẹ́, láti ọdún 3 lọ sókè. Aṣọ tútù lórí ojú fún ìṣẹ́jú 10 náà ń tù ú. Ẹ má kán oògùn ojú tó ní dexamethasone (sìtẹ́rọ́ọ̀dù ni òun náà) láìjẹ́ pé dókítà ojú ló kọ ọ́. Ó ń gbé agbára inú ẹyinjú sókè, ojú a sì máa lọ díẹ̀díẹ̀ láì ro èèyàn.

DokitaEran_Ondo fèsì:

Mo gbà pẹ̀lú nọ́ọ̀sì lórí fífá irun. Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí ara ológbò.

Akọ tí wọn ò tẹ̀ lọ́dàá ló ń mú Fel d 1 jáde jù. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, á dín kù láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Kò ní tán o. Yóò tún dẹ́kun títọ̀ sára ògiri àti àga, torí ìtọ̀ akọ náà ní púrótéènì yẹn nínú. Ìbéèrè tí gbogbo onílé máa ń bi wá ni pé ṣé á ṣì máa peku. Á máa pa á. Ọdẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kóró.

Ẹ má da ara yín láàmú lórí wíwẹ̀ fún ológbò. Láàárín ọjọ́ 2 sí ọ̀sẹ̀ kan, ìwọ̀n púrótéènì ti padà síbi tó wà, èékánná rẹ̀ á sì ti kọ ilà sí yín lápá. Ajá ló ń jàǹfààní ìwẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Fún ológbò, aṣọ tó ní omi díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi nù ún, kí wọ́n sì yà á nírun níta, lọ́wọ́ ẹni tí ara rẹ̀ gba ológbò. Kì í ṣe ọmọ yẹn. Kì í sì í ṣe ọmọ yẹn ló máa da iyanrìn ìgbẹ́ rẹ̀ nù.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí ìgbìyànjú láti "fọ àlẹ́jì" ti pa ológbò púpọ̀: Izal àti Dettol jẹ́ májèlé sí i. Ẹ̀dọ̀ ológbò ò lè fọ́ irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀, bí ológbò bá sì ti ń lá ara rẹ̀, yóò gbé e mì. Káńfọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Oògùn eégbọn ajá tó ní permethrin, ẹ má fi kàn án. Páràsítámọ́ọ̀lù, kódà ìdajì hóró, lè pa á. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fín sórí fóòmù ń pa ọ̀nà ọ̀fun ọmọ lára ju ológbò lọ.

Ẹ tún wo awọ ọmọ. Bí ó bá jẹ́ òbìrìkìtì tó ń ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́, làpálàpá ni ológbò kó ràn án, kì í ṣe àlẹ́jì. Bó bá jẹ́ pé kókósẹ̀ nìkan ló ń wú ní kóró-kóró, kòkòrò tó ń fò nínú irun ẹran ló ń jẹ ẹ́.

Ní ti eku, ẹ̀rù tó bà yín tọ́. Ìpínlẹ̀ Òǹdó wà lára ibi tí ibà Lassa ti ń jà jù ní Nàìjíríà, àgàgà ní agbègbè Ọ̀wọ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ka níní ológbò mọ́ ohun tó ń dín eku kù nílé. Ìtọ̀ eku náà ń fa àlẹ́jì, nítorí náà ilé tó lé ológbò tó sì gba eku lálejò lè máà rí ìsinmi. Ẹ kó gàrí, ìrẹsì àti èlùbọ́ sínú ohun tó ní ìdérí líle, kí ihò abẹ́ ilẹ̀kùn ìdáná di dídí. Eku tí ológbò bá pa, kí ọmọ má fọwọ́ kàn án. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ da bílíìṣì sí ibẹ̀, kẹ́ ẹ tó kó o.

Wolewole_Akure fèsì:

Yàrá ọmọ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe pálọ̀. Wákàtí 8 sí 10 ló ń lò níbẹ̀ lálaalẹ́, imú rẹ̀ sì wà lórí fóòmù. Láti òní lọ, ológbò ò gbọ́dọ̀ wọ yàrá yẹn mọ́, kì í ṣe ní alẹ́ nìkan. Tó bá sùn síbẹ̀ lọ́sàn-án, gbogbo iṣẹ́ dòfo.

Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò. Èyí nìkan ju gbogbo ohun tó kù lọ. Kápẹ́ẹ̀tì ń gbé eruku ológbò mì, gbogbo ìgbà tí ọmọ bá sáré kọjá ló ń bì í jáde. Sìmẹ́ńtì tàbí táìlì lásán ló dáa. Kí ọmọ wà níta fún wákàtí 2 tẹ́ ẹ bá ń ká a. Lẹ́yìn náà, ẹ fi kànrìnkàn àti omi ọṣẹ nu ògiri láti òkè wá sísàlẹ̀, abẹ́ fáànù, lúfà lọ́kọ̀ọ̀kan. Abẹ́ fáànù tó dúdú ń fọ́n ohun tẹ́ ẹ ń sá fún sí ọmọ lójú.

Ìgbálẹ̀ gbígbẹ ni ọ̀tá kejì. Ẹ fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ wọ́n omi síi kẹ́ ẹ tó gbá a. Kọ́tìnì tó nípọn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí fúlẹ́ẹ̀fúlẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ lè fọ̀ lọ́sẹ̀ méjì-méjì.

Aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti ìrọ̀rí, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Omi tútù àti ọṣẹ ń fọ ti ológbò kúrò, ṣùgbọ́n kòkòrò fóòmù ń fẹ́ omi tó gbóná tó dígírì 60. Ẹ da bọ́kẹ́ẹ̀tì omi híhó kan pọ̀ mọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tútù kan náà, á sún mọ́ 60. Ẹ rẹ aṣọ sínú rẹ̀ fún ìdajì wákàtí, kẹ́ ẹ sá a sí oòrùn. Fóòmù fúnra rẹ̀, ẹ wọ àpò onísíìpù fún un yíká, kì í ṣe orí nìkan.

Ẹ̀rọ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́: ẹ má kọ́kọ́ rà á. Èyí tó ní àsẹ́ HEPA tòótọ́ ń mú 99.97% eruku tó jẹ́ máíkírọ́ọ̀nù 0.3 (ó kéré débi pé ojú ò lè rí i), ó dáa, ṣùgbọ́n kò lè fa ohun tó wà nínú kápẹ́ẹ̀tì, kò sì ń ṣe ohunkóhun nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Kápẹ́ẹ̀tì kọ́kọ́, ẹ̀rọ lẹ́yìn. Èyí tó bá ń tú gáàsì ósóònù jáde, ẹ má rà á rárá, ó ń pa ẹ̀dọ̀fóró lára.

OnileObaIle:

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. A ti ká kápẹ́ẹ̀tì yàrá. Ohun kan tí mo gbàgbé: bó bá sá eré bọ́ọ̀lù, ó máa ń wúkọ́, òru náà ó ń wúkọ́ nígbà míì. Kò súfèé.

NoosiEtiImu:

Ìyẹn yí ọ̀rọ̀ padà. Ikọ́ lẹ́yìn eré àti ikọ́ òru lè jẹ́ ikọ́ fée tí kò tíì hàn gbangba, kò dìgbà tí àyà bá súfèé. Kí dókítà gbọ́ àyà rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ má dúró de ìwé ọjọ́ 14. Bí wọ́n bá fún un ní ínhélà, kó má fín in sẹ́nu lásán, púpọ̀ nínú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọ̀fun. Bí ẹ ò bá rí ike ìfàsímú (spacer) tí wọ́n ń fi sí ẹnu ínhélà rà, ìgò ike mílílítà 500 tó mọ́ tó sì gbẹ ń ṣe é: ẹ gé ihò sí ìdí rẹ̀ tó bá ẹnu ínhélà mu rẹ́gí, ẹ fi téèpù dí etí rẹ̀, kí ọmọ fi ètè di ẹnu ìgò. Fífín 1, kó mí sínú sóde ní ìgbà 5 tàbí 6, kó tó kan fífín kejì.

Bó bá ń mí tí egungun ìhà ń wọlé, tí kò lè sọ gbólóhùn kan tán, tàbí tí ètè ń dúdú, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, lóru tàbí lọ́sàn-án.

Bí dókítà bá ní ikọ́ fée ni, tí àyẹ̀wò sì sọ pé ológbò ni, èrò mi ni pé kí ológbò kúrò nínú ilé pátápátá. Imú tó ń ṣomi ṣeé bá gbé, àyà tó ń dí kò ṣeé bá ṣeré.

DokitaEran_Ondo:

Mo fara mọ́ ọn. Ó sì lè wà níta fún eku, pẹ̀lú ibùsùn tirẹ̀ ní bàrándà. Tẹ́ ẹ bá máa fún ẹlòmíì, ẹ kó aṣọ tó ń sùn lé àti abọ́ rẹ̀ lọ pẹ̀lú rẹ̀, kẹ́ ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn gan-an, kẹ́ ẹ sì fọ gbogbo aṣọ àga. Ọjọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù 4 sí 6, kí bàbá ọmọ má tún sọ ní ọ̀sẹ̀ kejì pé kì í ṣe ológbò.